Omi Orí Kàpó

Gbogbo Bantè ló mọ Mustang Ésaïe. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà pupa ni, wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó bí ìyàwó rẹ̀, igbe rẹ̀ sì máa ń dé ìlú Bobè kí òun fúnra rẹ̀ tó kúrò lójúde. Ẹ gbà mí o! Òrùlé ọkùnrin náà ń jò, ọkọ̀ ló lọ rà ní Cotonou lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì.

Ó fẹ́ràn rẹ̀ ṣá, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun rẹ̀, á gbé omi àdúrà tí wọ́n fi iyọ̀ sí, á dà á sórí kàpó tó bo ẹ́ńjìnnì, á sì yára fi aṣọ rọ́bà bò ó kí oòrùn má baà fa ìbùkún gbẹ. Ọdún mẹ́rin ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kàpó bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún, ó fi kún omi. Nígbà tó lu, ó wá ẹni tó fi ìlara bà á jẹ́.

Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe Abdias, àbúrò rẹ̀ ní Tchetti? Ó ti fọwọ́ pa kàpó náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọkọ̀ yìí mà dára. Ẹni tó ń gun alùpùpù, kí ló ń yin mọ́tò fún? Ọdún méjì gbáko ni Ésaïe kò fi kí i, kò sì mu omi nílé rẹ̀.

Wàyí o, ìgbéyàwó Mirabelle ọmọ Ésaïe ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mustang ni bàbá fẹ́ fi gbé e lọ. Ọmọ ní bí bàbá kékeré Abdias kò bá súre fún òun, òun kò ní wọ ọkọ̀ ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ náà dun Ésaïe wọra, ṣùgbọ́n kàpó ló kọ́kọ́ sáré gbé lọ sọ́dọ̀ Affissou, tólíyé tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ní Savalou.

Affissou fi ìka ha etí ihò náà, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́.

"Pàpá, ṣé etí òkun lẹ ń gbé ni?"

"Bantè ni mo ń gbé!"

"Ta ló wá ń da omi iyọ̀ sí i?"

Ésaïe wolẹ̀. "Ṣáà fi mástíìkì dí i fún mi."

"Bí mo bá dí i, iyọ̀ náà á máa jẹ ẹ́ lábẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gé e títí dé ibi tí irin ti le, kí n jó tuntun mọ́ ọn."

Ó gé e. Irin jíjẹrà já bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ bí àkàrà gbígbẹ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ojú ti Ésaïe débi pé kò lè jókòó dúró de iṣẹ́ náà.

Zémìjàn, alùpùpù akérò, ló gbé e dé Tchetti, eruku pupa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Abdias gbé omi wá fún un bí a ti ń ṣe fún àlejò, ìyẹn gan-an ló sì gún Ésaïe lọ́kàn.

"Abdias, èmi ni mo ba kàpó náà jẹ́. Omi iyọ̀ tí mò ń dà sí i ni. Dákun, wá súre fún ọmọ rẹ."

Abdias na ife sí i.

"Ẹ mu ún, ẹ̀gbọ́n. Èyí ò níyọ̀ nínú."