Orúkọ Màmá Lára Pátákó

Láti ọdún mẹ́ta tí pátákó náà ti wà lójú ọ̀nà Akínmọ̀ọ́rìn, Mosúnmọ́lá kì í kọjá níbẹ̀ kí inú rẹ̀ má dùn. "Ilé-Iṣẹ́ Gàárì Mosúnmọ́lá" ni wọ́n kọ síbẹ̀, gàdàgbà. Ṣùkúrù, àkọ́bí rẹ̀, ló fi orúkọ ìyá rẹ̀ pe ibi tó ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Wọn ò sọ pé wọ́n lè gba owó orí lórí ẹ̀.

Ìwé dé láti ọ́fíìsì owó orí ní Ọ̀yọ́. Orúkọ Ṣùkúrù kò sí nínú rẹ̀ rárá. Mosúnmọ́lá ni wọ́n ní kó wá san owó orí ọdún mẹ́ta. Ojú ti obìnrin tó fi epo pupa títà kọ́ ilé yàrá mẹ́rin sí Ìlọrà, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí.

"Mo kàn fi yẹ́ yín sí ni," Ṣùkúrù ń wí nínú mọ́tò bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fèyí ló gbà wọ́n ní ọ́fíìsì. Ó tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ Màmá sínú kọ̀ǹpútà.

"Màmá, nọ́ńbà yín yìí náà ni nọ́ńbà owó orí yín báyìí. Òun ni wọ́n fi forúkọ okòwò yìí sílẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló jẹ owó ni?"

"Ká ní kọ́ńpìnnì ni wọ́n dá sílẹ̀, ì bá ní nọ́ńbà tirẹ̀, ì bá sì jẹ gbèsè tirẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín. Orúkọ okòwò lásán lèyí. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí owó ò bá wọlé, ó lè kan ilé yín." Ó wo Ṣùkúrù, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ bí ẹ ò bá mọ̀ sí i, ẹni tó fi orúkọ yín ṣe é ni wọ́n máa mú. Ṣé ẹ mọ̀ sí i?"

Ṣùkúrù sorí kodò. Bí Màmá bá ní òun ò mọ̀, ilé bọ́, ọmọ há. Bó bá ní òun mọ̀, ọmọ bọ́, ilé há. Ó rántí ọjọ́ tí Ṣùkúrù wá gba ìwé ìdánimọ̀ náà, tó ní òun fẹ́ fi orúkọ ìyá òun ṣe nǹkan. Kò bi í pé kí ni. Ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ẹni tó ti ṣe àdúà sí nǹkan, ṣé ó tún lè ní òun ò mọ̀ ọ́n?

"Ọwọ́ mi ni mo fi fún un," ó wí. "Èmi ni mo ni ín."

Fèyí kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní wọ́n lè fi oṣù mẹ́fà san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùkúrù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, omi lójú rẹ̀. Màmá ní kó dìde, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ dà?"

"Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀, Màmá?"

"Àti káàdì báńkì. Tóṣù bá parí, màá sanwó iṣẹ́ rẹ fún ọ."

Ṣùkúrù wo Fèyí bóyá yóò gba òun sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni Fèyí kọjú sí. Ṣùkúrù kiwọ́ bàpò.