Ọ̀dà Dúdú Lójú Ọ̀bẹ Màámi

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, mo ra bébà oníyanrìn tí àwọn káfíńtà fi ń ha igi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀bẹ màámi. Ọ̀bẹ náà ni wọ́n fi bẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n tà láti fi rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Ó ti jẹ títí ó fi tín-ín-rín. Lẹ́yìn tí màámi kú, àbúrò mi fi ọ̀dà dúdú tó ṣẹ́kù lára ti géètì kùn ún, kí ó má baà dípẹtà. Mo ha díẹ̀, ọwọ́ ro mí, mo sùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo bá pàdé lójú oorun.

Ọ̀bẹ náà dìde jókòó lórí tábìlì, ó húkọ́.

“Àlàmú, o ò lè kí mi?”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó jù mí lọ. Ó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó bí mi.

“Ó dáa, dìde. Ṣé o rántí pé ìyá rẹ fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó kú, tí ahọ́n rẹ̀ ti wúwo?”

Mo rántí. Mo rántí ìró aláwọ̀ aró tí wọ́n dà bora, mo rántí pé epo ti tán nínú àtùpà.

“Èmi ló sọ ọ́ fún. Ó wà lábẹ́ ọ̀dà yìí. Ha mí.”

Mo ha á. Bí ọ̀dà ti ń bó ni ohùn màámi ń jáde. Ikọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà: “Àlàmú, ọmọ mi, wò ó…”

Kí èyí tó kù tó jáde, ọ́fíìsì kan fò gba ojú fèrèsé wọlé, tòun ti àga, fáìlì àti aago ara ògiri. Mo sún ife omi mi sẹ́yìn kí ó má baà dà á nù. Ọ̀gá kan tó de táì jókòó nínú rẹ̀.

“Ta ló ní kí o bó ọ̀dà ìjọba?”

“Ọ̀dà géètì wa ni, sà.”

“Ṣé géètì ló rà á? Bọ́ sórí àga!”

Mo bọ́ sórí àga, ọ́fíìsì gbéra, a ń fò lọ lókè oko ẹ̀gẹ́. N kò dúró, mo ń ha ọ̀bẹ mi lọ. Irùngbọ̀n ọ̀gá gùn, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ táì ọrùn rẹ̀.

“Wá jẹun,” ni ó wí.

“Á gba ibi ire o, sà.”

Mo bu eérú nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, mo fi aṣọ dán ọ̀bẹ náà títí mo fi rí ojú màámi lára irin. Wọ́n la ẹnu.

“Mú un wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò,” ni òbúkọ wí, ó na ẹsẹ̀ iwájú. “Láìṣe bẹ́ẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀ kankan níhìn-ín.”

“Ẹ má bínú, sà. Nílé wa, a kì í fi ọ̀bẹ lé ara wa lọ́wọ́, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Màá gbé e sílẹ̀, kí ẹ fúnra yín mú un.”

“Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni ọ́. Gbé e sílẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀. Ọ́fíìsì náà kò ní ilẹ̀. Ọ̀bẹ já bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ń kọ mànà lọ sísàlẹ̀. Mo rí i pé ẹnu màámi ń mì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí n gbọ́.

“Ó mà ṣe o,” ni òbúkọ wí, ó fa fáìlì kan sẹ́nu.

Mo bẹ́ tẹ̀lé e.

Orí ẹní ni mo bọ́ sí. Nínú ilé ìdáná, ìyàwó mi ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, háá, háá.

“Bàbá Ṣẹ̀yẹ, ẹ ti jí? Ìrẹsì ló jóná mọ́ ìkòkò o.”

Mo kí i. Mo mú ọ̀bẹ lórí tábìlì, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ha á títí kò fi sí ọ̀dà kankan lára rẹ̀ mọ́, mo sì fi eérú dán an títí ó fi ń kọ mànà. Irin ni mo bá níbẹ̀. Ohun tí màámi fẹ́ bá mi sọ ti bá wọn lọ.