Wáyà Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

"Ibí ni wàá fọwọ́ sí," Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runníyì wí, ó ti ìwé náà síwájú Ọládùnní.

Ọládùnní kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Kazeem, òṣìṣẹ́ wọn tó kú lórí òpó iná ní Ìfàkò-Ìjàyè, kò wọ ìbọ̀wọ́. Ó tún un kà. Láti ọjọ́ mọ́kànlá tí wọ́n ti gbé òkú ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, omi kò bọ́ lójú Ọládùnní rí. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn bí ẹni tó wà ní yàrá kejì.

"Ó wọ̀ ọ́, sà. Mo rí fọ́tò ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ náà jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runníyì, ọ̀gá rẹ̀, dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Ọládùnní ló ń ṣètò wáyà àdúgbò fún ilé iṣẹ́ iná wọn ní Ìkẹjà. Láti bí ọdún méjì ni sólà ti gbòde: àwọn ilé iṣẹ́ Orégùn ń lò ó, àwọn alápatà Oko Ọba ń fi í tọ́jú ẹran, àwọn onílé Ìfàkò náà kò gbẹ́yìn. Iná tí wọn kò bá lò tán, orí wáyà iná ọba ló ń padà sí. Iṣẹ́ Ọládùnní ni láti ṣírò iye tí wáyà lè gbà, kó sì rí i pé ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí yóò gé sólà rẹ̀ kúrò nígbàkígbà tí wọ́n bá pa iná ọba. Lórí wáyà òpó tí Kazeem kú sí, ilé mẹ́ta kò tíì ní ẹ̀rọ náà. Ó mọ̀. Àwọn onílé ń yọ ọ́ lẹ́nu, ló bá gbà kí wọ́n so wọ́n pọ̀, pé ẹ̀rọ á tẹ̀ lé e tó bá ti dé. Kò sì sàmì sí wọn lórí máàpù tí àwọn tó ń gun òpó ń lò.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n pa iná ọba lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ní wáyà ti kú. Kazeem gun òpó.

"Tá a bá kọ ọ́ pé sólà ló pa á," ọ̀gá rẹ̀ wí, "wọ́n á dá gbogbo ètò yìí dúró. Àwọn tó ti ra páńẹ́lì sílẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó kú ti kú, Ọládùnní. Àbí ta ló ya máàpù yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa bó o ṣe mọ̀. Kí n rí ìwé yẹn láàárọ̀ ọ̀la."

Nígbà tí Ọládùnní ṣíwọ́ iṣẹ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Oko Ọba, sílé Kazeem. Kò tíì mọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Sùlíyá, ìyàwó olóògbé, ló pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi aṣọ dúdú bo orí.

"Ẹ kú ìrọ́jú," Ọládùnní wí. "Ọlọ́run á tù yín nínú. Ọ́fíìsì ọkọ yín ni mo ti wá."

"Àmín, mà." Sùlíyá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn tó kọ́kọ́ wá ní ó gbàgbé ìbọ̀wọ́ ẹ̀ ni. Láti ìgbà yẹn ni bàbá ọkọ mi ò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní ìjà tí mo bá a jà láàárọ̀ ló jẹ́ kó gbàgbé."

"Ṣé ẹ jà lóòótọ́?"

"A jà."

Ọládùnní fara ti ògiri. "Kò gbàgbé nǹkan kan. Wáyà yẹn ni kò kú. Sólà ilé mẹ́ta ń ti iná wọ inú ẹ̀. Mo mọ̀, mi ò kọ ọ́ síbi tó ti lè rí i."

Ó ń dúró kí àyà òun já. Kò já. Sùlíyá kò pariwo, kò ṣépè.

"Ṣé ẹ lè tún un sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́?"

Kó tó dáhùn, obìnrin náà ti ká aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá kan sókè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò fẹ́ rí yín."

Ọládùnní mọ̀ pé bí òun bá ti sọ ọ́ nínú yàrá yẹn, kò sí ìwé tí òun tún lè fọwọ́ sí lọ́la. Ó bọ́ bàtà. Bàbá arúgbó náà jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, kò gbójú sókè. Ọládùnní kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, orúkọ mi ni Ọládùnní Adésànyà. Èmi ni mo ṣètò wáyà tó pa ọmọ yín."