Omi Òkun fún Kíláàsì Kẹrin

"Ta ló bá mi rí ìgò omi mi?"

Abdulwaheed dúró láàárín pálọ̀, báàgì léjìká, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tẹlifíṣọ̀n sì ti ń tún eré alẹ́ àná ṣe. Ìyàwó inú eré náà ń di ẹrù rẹ̀, ó ń padà sílé bàbá rẹ̀, ojú gbogbo ilé sì wà lára ẹrù náà. Fàrídà, àbúrò rẹ̀, ń to híjáàbù níwájú dígí, inú dígí yẹn náà ló ti ń wo eré. Ìyá àgbà jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

Ó wo abẹ́ àga. Ó ṣí fíríìjì. Ó dé ibi tábìlì tẹlifíṣọ̀n, ó ti rìmóòtù sẹ́yìn, ó rọra gbé ìgò omi Zamzam Ìyá àgbà, èyí tí màmá náà fi aṣọ funfun wé, tó sì fi tẹ̀sùbáà kọ́ lọ́rùn. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi eruku. Kò yà á lẹ́nu pé ìgò náà wà níbẹ̀. Alhaja Aminah, aládùúgbò wọn ní Ìlàrè, ti Mẹ́kà dé lánàá, kò sì sílé tí kò retí ìpín tirẹ̀.

"Rọra o, Àlàó," ni Ìyá àgbà wí. "Má da omi mi nù."

"Bọ̀dá mi, ẹ bá wa gbé e sí ibòmíràn," ni Fàrídà wí. "Igun tẹlifíṣọ̀n ló bò yẹn."

Ìyá àgbà ní kò sí ibòmíràn tó mọ́ tóbẹ́ẹ̀ nínú ilé. Abdulwaheed dá ìgò náà padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wọ bàtà kejì, ó sì sáré jáde.

Ọ̀rọ̀ omi tó ń wá yìí kì í ṣe eré. Nílé ìwé kékeré tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, ó ti sọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá pé omi òkun níyọ̀. Ọ̀rẹ́olúwa nawọ́. Ọmọbìnrin yìí kì í gba nǹkan gbọ́ tí kò bá tíì yí i po wò. Ó ní òun ti rí òkun nínú tẹlifíṣọ̀n, pé omi lásán ni, àti pé bàbá òun ní irọ́ pọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Sà, ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti tọ́ ọ wò rí?"

Abdulwaheed ti jáde yunifásítì, kò sí àdììtú tí wọ́n gbé wá sí ojú ìwé ìròyìn tí kì í tú, ṣùgbọ́n kò tíì fojú kan òkun rí láyé rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí etí òkun l'Ékòó lọ́jọ́ Àìkú. Ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń bu omi sínú ìgò, ìgbì kan dé láti ẹ̀yìn, ó sì rẹ ṣòkòtò rẹ̀ dé ìbàdí. Nígbà tó padà délé, Ìyá àgbà wà lórí ẹní ìkírun, Fàrídà ń tòògbé. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin, ó sì ní ọ̀nà jíjìn ni omi yìí ti wá, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣòfò. Ó wọlé lọ sùn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wá a mọ́, nítorí ó ti ṣèlérí fáwọn ọmọ pé Ọjọ́bọ̀ lòun máa mú un wá. Tóun bá kùnà, òun lòun máa fẹsẹ̀ kan dúró, kóun na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ó ṣe máa ń ní kí àwọn tó bá pẹ́ ṣe.

Ọjọ́bọ̀ ti pé.

Kó tó wọ kíláàsì, ó yà sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́yìn ilé ìwé. Ike iyọ̀ wà lórí tábìlì, omi inú ọ̀rá wà nínú báàgì rẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó títí. Ojú Ọ̀rẹ́olúwa ló wá sí i lọ́kàn, ojú tó máa ń kọ́kọ́ yí nǹkan po. Ó gbọn iyọ̀ náà dànù, ìyá náà sì bi í bóyá ẹ̀wà òun kò níyọ̀ tó ni.

Nígbà tó wọ kíláàsì, ó fẹsẹ̀ kan dúró. Kíláàsì fọ́ fún ẹ̀rín. Wọ́n ń ké sí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀, kó na án dáadáa. Ìyáàfin Awóyẹmí, ọ̀gá ilé ìwé, ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé, ó dúró, ó wò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́olúwa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Sà, ṣé ẹ lọ lóòótọ́?"

"Mo lọ."

"Ó dáa. Mo fún yín di ọ̀la. Tí kò bá sí omi lọ́la, a jẹ́ pé inú tẹlifíṣọ̀n lẹ̀yin náà ti wò ó."

Èyí dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ. Lórí ọ̀kadà tó gbé e lọ sílé, ó ń to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń to àdììtú. Ta ló wọ pálọ̀? Ta ló nílò ìgò? Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti dá Fàrídà lẹ́bi, nítorí sóbò tó máa ń rọ sínú ìgò tà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Fàrídà búra. Ó ní òun kì í rọ sóbò sínú ìgò tí wọ́n lè ká mọ́ òun lọ́wọ́, pé kí ẹni tó máa ń tú àdììtú tú tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun màgàríbà, eré tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ inú eré ti lọ bẹ ìyàwó rẹ̀, ó sì mú un lọ sí etí òkun láti tù ú nínú. Ìgbì ń yí wá, ó ń yí padà. Ìyá àgbà na ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ìgò rẹ̀ bo igun tí ọkọ dúró sí.

"Àlàó, ṣé bó ṣe máa ń ké náà nìyẹn?"

"Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ìyá àgbà. Ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín."

"Ó ṣe o. Mo ti dàgbà tó yìí, n ò dé ibẹ̀ rí."

Sàlámà dún lẹ́nu ọ̀nà. Alhaja Aminah ló wọlé, ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá àgbà, ó ní kí wọ́n má bínú, ẹrù òun ò bá òun wọlé lánàá, ìrọ̀lẹ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìpín omi Zamzam wọn rè é.

Ìyá àgbà gbà á, ó wò ó, ó sì wo tábìlì tẹlifíṣọ̀n.

"Èyí tó o fi rán Àlàó lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́?"

"Ọjọ́ Àìkú, Ìyá wa? Mẹ́kà ni mo ṣì wà."

Abdulwaheed dìde. Ó tú aṣọ funfun náà. Ìgò tirẹ̀ ni, omi inú rẹ̀ ti fà sí ìdajì, iyanrìn díẹ̀ sì jókòó sí ìsàlẹ̀. Fàrídà ti rọ́ sórí àga, ẹ̀rín ń pa á.

"Mo ní Zamzam ọdún yìí níyọ̀," ni Ìyá àgbà wí jẹ́ẹ́. "Láràárọ̀ ni mo ń mu ún. Mo tún ń fi ra orúnkún."

Ó wo ìgbì tó ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n, láìsí ohun tó bò ó mọ́. Ó fi ahọ́n kan ètè rẹ̀, bí ẹni ń wá nǹkan tó ti gbé mì.

"Àṣé mo ti tọ́ òkun wò."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ tẹ̀sùbáà kúrò lọ́rùn ìgò náà, ó sì ní kí Àlàó rántí ṣẹ́ díẹ̀ kù fún orúnkún òun, kó tó gbé e lọ fáwọn ọmọ rẹ̀.