Láàrin Kẹ́ẹ̀gì Méjì

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ni Ọlámipọ̀sí, obìnrin tó ń wa ọkọ̀, wí bí imú ọkọ̀ ṣe dé ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ tó léfòó lórí omi.

Alájì Àyúbà tẹ aago ojú fóònù rẹ̀ bí ẹni tó ń pa iná orí. Ọkọ̀ náà ń gé omi lọ, ọyẹ́ ń na fìlà Alájì, bàbá náà sì fi ọwọ́ kejì di fìlà ọ̀hún mú. Ràsáàkì jókòó sẹ́yìn wọn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún. Òun ni mẹkáníìkì ọkọ̀, òun ló sì yẹ kó máa wo aago. Ṣùgbọ́n Ọlámipọ̀sí ti sọ ní èbúté pé kí ó má fọwọ́ kan nǹkan kan lónìí, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà bọ omi kí ó tó sọ ọ́.

Wọ́n dé kẹ́ẹ̀gì kejì. "Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Alájì wo ojú fóònù, ó tún un wò. "Bó o ṣe ní ó máa rí náà ló rí. Kò yẹ̀ rárá."

 Lójú Ọlámipọ̀sí, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ Alájì kì í ṣe ọkọ̀ apẹja. Ọkọ̀ asáré ni, èyí tí ń fi okùn fa èèyàn tó dúró lórí pátákó lẹ́yìn rẹ̀, tí onítọ̀hún á máa yọ̀ lórí omi bí ẹni tí ilẹ̀ ọṣẹ gbé. Àwọn ọlọ́jà Ìsẹ́yìn kọ́kọ́ ń bi ara wọn léèrè pé kí ni wọ́n fi àgbàlagbà ṣe tó fi ń gba irú ìyà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń wá sí ibùdó ìgbafẹ́ tí Alájì kọ́ sétí odò tí wọ́n sé ní Ìkéré, inú Alájì sì ń dùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn ọkọ̀ náà ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń ṣọ́ eré. Eré tí o bá fẹ́ ni wà á sọ fún un, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa di ẹ́ńjìnnì mú kí ó má sáré jù, kí ó má sì fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dédé mọ̀. Èèyàn ní láti kọ́kọ́ kọ́ ọ: a ó sá ọkọ̀ láàrin ibi méjì tí a mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra, ní àlọ àti ní àbọ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà rẹ́ wa jẹ, a ó máa wo aago, a ó sì máa tún ẹ̀rọ ṣe títí òun àti aago yóò fi gbà fún ara wọn.

Ọlámipọ̀sí fúnra rẹ̀ ló kọ́ ẹ̀rọ náà. Ó fi odindi ọjọ́ kan ṣe é, kò sì dá ara rẹ̀ lójú bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni obìnrin àlejò kan tó ń jẹ́ Beauty ṣubú lẹ́yìn ọkọ̀, tí omi gbá a bí ògiri, tí apá rẹ̀ sì yẹ̀. Kí wọ́n tó fà á sókè, ó ti ń sọ pé eré náà ti pọ̀ jù. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ na fóònù tó fi ń ka eré ọkọ̀ sí Ọlámipọ̀sí lójú. Eré tí fóònù kà ju èyí tí ẹ̀rọ kọ sójú lọ, kì í sì í ṣe díẹ̀.

Ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti fọwọ́ bà á. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń ṣí ẹ̀rọ náà, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ Ràsáàkì.

Ràsáàkì ló ń wa ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Alájì rán Ọlámipọ̀sí lọ sí Èkó láti kọ́ṣẹ́, tó dé tó gba ìdí sítíárìn, wọ́n ní kí Ràsáàkì máa bá ẹ́ńjìnnì ṣeré. Kò jà. Kò tilẹ̀ ráhùn. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí ara Ọlámipọ̀sí balẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ tí kò wí nǹkan kan, kí ló ń rò nínú? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí Beauty ṣubú, Ràsáàkì dúró ní èbúté, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí á ṣe èèyàn léṣe lọ́jọ́ kan." Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ọlámipọ̀sí pe Alájì. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ó kàn sọ pé, "Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, Alájì," ó sì dákẹ́. Ìyẹn náà tó. Alájì dé láàárọ̀ yìí, ó ní àwọn yóò dán ẹ̀rọ wò, bí ó bá sì yẹ̀ kúrò níbi tí Ọlámipọ̀sí fi í sí, kí Ràsáàkì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kí ó mú ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n máa lọ sí Ṣakí.

Ẹ̀rọ kò sì yẹ̀.

Wọ́n sá a ní àbọ̀. Bákan náà. Alájì wá ṣí ohun tí ń ka eré lórí fóònù tirẹ̀, wọ́n tún sá a. Ti fóònù ṣì ju ti ẹ̀rọ lọ.

Ràsáàkì ti dá a padà sí ààyè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ni Ọlámipọ̀sí rò. Ó di èrò náà mú ṣinṣin fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó rí i pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá ti dá a padà, kí ni fóònù ṣì ń bá ẹ̀rọ jiyàn lé lórí?

Ràsáàkì la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́. "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wọn àárín kẹ́ẹ̀gì méjèèjì?"

"Èmi ni," ni Ọlámipọ̀sí dáhùn kí Alájì tó sọ̀rọ̀. "Bàbá mi ló wọn okùn tí mo lò."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tilẹ̀kùn. Ìsàlẹ̀-Ọjà ní Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ ti ń hun aṣọ òkè láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i, kò sì sí ẹni tó ra aṣọ rẹ̀ rí tó ní ó kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tí kò sí téèpù tó lè gba ojú omi já, òun ni Ọlámipọ̀sí bẹ̀ pé kí ó wọn okùn ọgọ́rùn-ún mítà fún òun.

"Ẹ jẹ́ ká wọn okùn náà," ni Ràsáàkì wí.

Wọ́n fà á jáde láti inú omi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko gbígbẹ, lẹ́bàá ibi tí màlúù àwọn Fúlàní ti ń mumi. Alájì yá téèpù lọ́wọ́ àwọn káfíńtà tó ń kan ilé àlejò. Ọlámipọ̀sí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn di orí téèpù náà mú. Ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń fi òkúta sàmì, ó ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún pé, okùn ṣì kù nílẹ̀, èyí tó tó so màlúù mẹ́ta mọ́ igi. Ó tún un wọ̀n. Ó kù bákan náà.

Ó pe bàbá rẹ̀. Ó ń gbọ́ ìró òfì lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Okùn tí ẹ wọ̀n fún mi lọ́jọ́sí."

"Ṣé kò tó ni?"

"Ó lé, Bàbá."

"Ó yẹ kó lé. Ta ní í ta òwú láì fi ti orí àti ti ìdí kún un? Èyí tó o máa fi so ó níhìn-ín, èyí tó o máa fi so ó lọ́hùn-ún, ṣé ìyẹn wà lára aṣọ ni? Mo tún wá fi èènì sí i torí pé ìwọ ni. Mi ò fẹ́ kí okùn kúrú mọ́ ẹ lọ́wọ́ lórí omi."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni ó wí. Kí ni ọmọ tún fẹ́ sọ?

Gbogbo rẹ̀ ni Ọlámipọ̀sí ti nà tán láàrin kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ọkọ̀ ń rin ọ̀nà tó jìn ju bí ó ti rò lọ, ó ń pẹ́, òun sì ń rò pé ọkọ̀ ló ń fà, ó sì ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó túbọ̀ sáré. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ẹ̀rọ nírọ́. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ó rántí bí Beauty ṣe ń di apá mú, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.

Alájì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ èènì náà pa á lẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ nígbà tó rí ojú Ràsáàkì. "Ẹ wọ̀n ọ́n tuntun," ni ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì." Ó kọrí síbi mọ́tò rẹ̀ láti lọ pe àwọn èèyàn Beauty.

Ọlámipọ̀sí kúnlẹ̀ sórí koríko. "Bọ̀dá Ràsáàkì, ẹ má bínú."

"Dìde, Ìyá Mọ́nsúrù." Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni ó fi pè é, bí ó ti máa ń ṣe. Ó gé okùn náà síbi àmì. "Mo ti rí i láti ọjọ́ yìí pé ibẹ̀ jìn jù. Mo rò pé o mọ̀ọ́mọ̀ nà án ni, kí wọ́n lè rí nǹkan fi lé mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Èmi ni kí n sọ ọ́? Ta ló máa gbà mí gbọ́?" Ó ká okùn sápá. "Ká ní okùn bàbá rẹ pé géérégé ńkọ́, tí nǹkan mìíràn bá ṣe ẹ̀rọ yẹn?"

Kò dúró gba èsì, ó kọrí sétí omi.

Wọ́n yá ọkọ̀ apẹja méjì, oníkálùkù wọ tirẹ̀, apẹja kan ń tu wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ti jìnnà síra tó, Ràsáàkì ké láti òkèèrè pé, "Fà á." Ó fà á. Okùn yọ sókè láti inú omi, ó ń kán tótó, ó sì gún. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fura sí mọ́. Síbẹ̀, Ọlámipọ̀sí ká ara rẹ̀ mọ́ ọn pé òun kò wo okùn rárá. Ọwọ́ Ràsáàkì ni òun ń wò, bóyá yóò tú díẹ̀ sílẹ̀. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò, nítorí ó ti mọ ohun tí òun ń retí: ó ń retí kí ọkùnrin náà tú u. Bí ó bá tú u, ọkàn òun yóò balẹ̀.

Kò tú u. Ọlámipọ̀sí gbójú sókè láti fi orí sọ fún un pé ó ti tó. Ràsáàkì kò rí i. Ọwọ́ Ọlámipọ̀sí tó di okùn mú ni òun náà tẹjú mọ́.