Fíìmù Tí Gàníyù Ti Ṣe Òkú

Ẹni tó bá ní àwa la pa Gàníyù, kó wá sọ ọ́ lójú èmi Àdíját, kó wò ó bóyá màá gbà fún un! Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta la jọ ṣe fíìmù yẹn ní Baruwa: èmi ni mo darí ẹ̀, Ilésanmí gbé kámẹ́rà, Gàníyù sì ṣe bàbá onílé ahun tó kú, táwọn ayálégbé ń jó. A ò tíì gbé e jáde tí ibà fi gbé Gàníyù lọ ní tòótọ́.

Ìyá ẹ̀, Àlàájà Hàbíbátù, ti rí díẹ̀ nínú ẹ̀ lórí fóònù aládùúgbò kan tó bá wa ṣeré níbẹ̀: ọmọ wọn nínú aṣọ funfun, òwú nímú. Mọ́mì fárígá.

"Ẹ̀ ń fi ikú ṣeré, ikú sì ń gbọ́. Fíìmù yẹn ò gbọdọ̀ jáde!"

Ó dùn mí wọra. Iṣẹ́ tí Gàníyù ṣe dáadáa jù láyé ẹ̀ nìyẹn, ṣé ká wá bò ó mọ́lẹ̀ ni?

Ilésanmí ní, "Àbí Mọ́mì ò mọ̀ pé ó dìde ni?"

Lọ́dọ̀ àwa onífíìmù, ẹni tó bá ṣe òkú gbọ́dọ̀ dìde lójú kámẹ́rà, kó rẹ́rìn-ín, kó lè hàn pé eré ni. Ibẹ̀ náà la sì máa ń gé dànù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Ilésanmí kì í pa téèpù rẹ́.

A gbé e lọ sílé Mọ́mì ní Ìgàndo. Wọn ò tiẹ̀ ní ká jókòó. Bá a ṣe tan tẹlifíṣọ̀n, Gàníyù sín, òwú fò jáde nímú ẹ̀, àwọn tó gbé e fẹsẹ̀ fẹ́ẹ! Ó jókòó sínú aṣọ funfun, ó ń nàka: "Ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo yín! Ẹ gbé ìrẹsì mi wá jàre, ìyá mi ò bí mi fún ebi!"

Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín. Ẹkún tẹ̀ lé e. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ jẹ́ n tún un wò," ni wọ́n wí. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, wọ́n nujú. "Ṣé ẹ máa fi ibí yìí sí i?"

"Òun la máa fi parí ẹ̀, Mọ́mì."

"Ẹ gbé e jáde."

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ fi í han èèyàn ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan l'Ẹ̀gbẹ́dá, iwájú pátápátá ni Mọ́mì jókòó sí. Bí Gàníyù ṣe yọ nínú aṣọ funfun, obìnrin kan bú sẹ́kún lẹ́yìn wọn. Mọ́mì yíjú sí i.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre! Ọmọ mi ò tíì parí iṣẹ́ ẹ̀."