Ohun Tí Àwọn Aládùúgbò Gbọ́

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé ó máa ń nà yín?"

Obìnrin aránṣọ kan ni wọ́n ń bi, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníwàádìí ìjọba ló jókòó níwájú rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tí ìrìn ti sú. Ó ti ṣàlàyé pé ọkọ àtijọ́ obìnrin náà ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àṣírí ìjọba, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń retí kí wọ́n fọwọ́ sí i pé ó ṣeé fọkàn tán. Àwọn aládùúgbò ló kó bá a. Wọ́n ní alaalẹ́ làwọn ń gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀, tí ọkùnrin náà sì máa ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ètò ìwádìí náà ṣe, wọ́n ní kí wọ́n máa bi ẹni tọ́rọ̀ kàn gan-an.

"Kí lòun fúnra rẹ̀ sọ?" obìnrin náà bi í.

"Ó ní òun ò ní nǹkan kan sọ. Dídákẹ́ yẹn gan-an ló tún ń pa á lára."

Olóríkunkun. Inú bí i sí ọkọ rẹ̀ àtijọ́, àánú rẹ̀ sì tún ṣe é. Kò nà án rí láyé. Orí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló dàrú lẹ́yìn ìbímọ, tó ń kígbe lóru, tó ń fẹ́ sá jáde níhòòhò, tí ọkọ rẹ̀ ń tilẹ̀kùn kí ayé má baà rí i. Ìgbà tí ara rẹ̀ yá, kò lè máa wo ojú ọkọ tó rí gbogbo rẹ̀ mọ́, ló bá kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ní báyìí ó ti ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ni yóò gbé aṣọ ìgbéyàwó fún ẹni tórí rẹ̀ dàrú rí? Àwọn oníbàárà méjì sì nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbọ́?"

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Tẹ́lẹ̀, tábìlì ọ̀gá méje ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ń gbà kọjá. Wọ́n ní ó ti di méjì. Ẹyin lohùn, ọmọ mi. N ò lè búra fún yín pé kò ní jáde."

Ó kéré tán, kò parọ́. Ó rẹ obìnrin náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ti ń bá a ru ẹrù àṣírí yìí, kò sì ní kó wá gbà á.

Ó dìde lọ tilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ó dúró díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, bàbá," ó ní, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ni ara mi ò yá nígbà yẹn. Kò nà mí rí."